Ìdáhùn sí Ìwé Ìyọkúrò

Ẹ kúulé, Alàgbà Ṣófolúwẹ̀.
Ìwé tí ẹ fi rán Rẹ̀mílẹ́kún ti tẹ̀ mí lọ́wọ́,
bébà tí ẹ fà ya láàárín ìwé ìṣirò ọmọléèwé,
tí ẹ ká sí mẹ́rin, tí ẹ fi ẹ̀kọ tútù lẹ̀ pọ̀.

Ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà ni mo kó sílẹ̀
lọ́jọ́ tí mo gba yàrá yín lẹ́yìn Bájùláyè.
Kọ́ṣọ̀n ni ajẹ́ǹtì pè é.
Ó ní owó náà kò lọ ibì kan, ó kàn máa sùn ni.
Ó sùn lóòótọ́. Ọdún mẹ́fà gbáko.
Ẹ wá jí i lánàá,
ẹ ní ẹgbẹ̀rún méjìlélógún péré ló jí.

Ẹ jẹ́ ká jọ kà á.

Gíláàsì fèrèsé mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án.
Èmi ni mo fọ́ ọ. Ẹ yọ ọ́.
A-mọ̀-ẹjọ́-ẹni-lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.
Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n pè mí láti Ìpẹ̀rù ni;
ohun tí mo jù lu fèrèsé, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n.

Ihò ìṣó mẹ́rin, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ lórí ihò kan!
Bàbá, níbo ni òfìfo ti wọ́n tó báyìí?
Mẹ́ta ni mo kàn:
kàlẹ́ńdà, dígí, àwòrán ìyá mi.
Ìkẹrin ni mo bá lára ògiri, ó ti dípẹtà.
N kò fi nǹkan kan kọ́ ọ rí,
n kò sì jẹ́ fà á yọ, kí ògiri má baà tẹ̀ lé e.

Ọ̀dà, ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta.
Ọ̀dà wo?
Èyí tí mo fowó ara mi rà lọ́dún kejì,
tí rìsíìtì rẹ̀ ṣì wà nínú Bíbélì mi?
Àbí èyí tí òjò fọ̀ lọ
nígbà tí òrùlé yín là, tí mo kọ̀wé sí yín lẹ́ẹ̀mejì,
tí ẹ fèsì pé òjò Ọlọ́run ni?
Òjò Ọlọ́run ni lóòótọ́.
Báàfù tí mo fi gbè é, tèmi ni.
Tò, tò, tò, títí ilẹ̀ fi mọ́,
n kò ka ẹ̀kán omi kan sí yín lọ́rùn.

Ó wá ku férémù ilẹ̀kùn.
Ẹ kọ ọ́ pé ọmọ ayálégbé fi pẹ́ńsù ba igi jẹ́,
kápẹ́ńtà yóò fá a, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún.
Bàbá, n kò bímọ.
Ìyá wa nísàlẹ̀ mọ̀, wọn kì í jẹ́ kí n gbàgbé.

Ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ń jẹun ní Ṣómólú níbí,
àṣìṣe ni mò ń wá nínú ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láti àárọ̀ dalẹ́.
Mo mọ ọwọ́ ènìyàn.
Ìrù “g” yín máa ń ká bí ìwọ̀ apẹja.
Ó ká nínú ìwé yìí, níbi “igi”, níbi “ẹgbẹ̀rún”.
Ó ká lára férémù náà:
Gbéminíyì, ọdún mẹ́ta, ó kan ìbàdí mi.
Gbéminíyì, ọdún mẹ́rin àbọ̀.
Gbéminíyì, ọdún méje, ó ti dé àyà mi.
Lẹ́yìn ìyẹn, igi lásán.

Nígbà tí mo kun yàrá,
mo ní kí akunlé fo ibẹ̀.
N kò béèrè. Ọdún mẹ́fà, n kò béèrè,
n kò sì ní í béèrè lónìí.

Ẹ yọ gíláàsì. Ẹ yọ ìṣó mẹ́ta.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ló kù,
kí ó wọ àkáǹtì mi kí oṣù tó parí;
bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kọ́ọ̀tù kò jìnnà.
Ẹ má pe kápẹ́ńtà.
Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Rẹ̀mílẹ́kún.
Ti géètì ti tẹ̀ díẹ̀, ẹ rọra yí i.